Láfún Tí Ìyá Àgbà Sá Lọ́jọ́ Tí Bàlúù Já

Àná la ṣe fìdáù ogójì ọjọ́ Ìyá Àgbà, mi ò sì tíì sunkún. Àwọn ìyá àsàlátù ń wò mí láti ìdí ìkòkò, wọ́n ń sọ ọ́ lábẹ́ ẹnu pé ọkàn mi le, pé ìwé tí mo kà ló pọ̀ jù. Kí wọ́n máa wí. Mo bu oúnjẹ fún àlejò, mo fọ abọ́, mo ká ẹní. Mi ò mọ ìgbà tí ilẹ̀ ṣú. Láàárọ̀ yìí mo jókòó sórí àpótí tí Ìyá Àgbà máa ń jókòó lé tó bá ń bó ẹ̀gẹ́, mo gbé ìwé lé orúnkún. Ẹni tí omijé kọ̀ fún, ó yẹ kó rí nǹkan mìíràn ṣe.

Ìyá tó bí ìyá mi ni. Ìyá mi bá ọkọ tuntun lọ sí Kàdúná nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, Ìyá Àgbà ló tọ́ mi ní abúlé wa lẹ́yìn Ọ̀tà. Sàlámọ́tù lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Oníláfún ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Àbẹ̀kẹ́ ni òun máa ń pè mí. Tó bá ń bínú, á pè é lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹni tó bá ń ṣe láfún kò lè bá ojú ọ̀run ṣeré. Ẹ̀gẹ́ tí èèyàn ti bó, tó ti rẹ sómi, tó ti fún, tó wá sá sórí tapólì, bí òjò bá kán sí i lára pẹ́nrẹ́n, ó di dúdú, ó ń rùn, ẹran gan-an kò ní jẹ ẹ́. Nítorí náà, bí Ìyá Àgbà bá ti kírun àárọ̀ tán, ìta ló máa kọ́kọ́ jáde sí. Á gbójú sókè, á fi imú fa afẹ́fẹ́. Bó bá ní òjò máa rọ̀, kí rédíò máa sọ tiẹ̀ lọ, òjò máa rọ̀. Mi ò rí i kó ṣìnà. Àwọn oníláfún yòókù máa ń rán ọmọ wá wò ó bóyá ó ti tẹ́ tapólì kí wọ́n tó tẹ́ tiwọn. Ohun kan ṣoṣo ló fi ń yangàn láyé: “Òjò kò pa láfún mi rí.”

Èéfín ló pa láfún náà. Iléeṣẹ́ kan tó ń yọ́ irin dé sí ìtòsí wa, eérú dúdú wá ń bà sórí láfún. Ó bá wọn sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì ó ro ọkà láti inú láfún tí eérú ti bà jẹ́ náà, ó gbé e lọ sẹ́nu géètì pẹ̀lú ọbẹ̀ àti omi ìṣanwọ́, ó ní kí wọ́n pe ọ̀gá òyìnbó wá jẹun. Àwọn sekúríítì ní, “Mama, abeg, go house.” Ó fìdí kalẹ̀. Nígbà tí máníjà kan jáde tó bi í pé kí ló dé, ó ṣí abọ́, ó ní, “Ẹ̀yin lẹ fi iyọ̀ sí i, ẹ wá tọ́ ọ wò.” Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá fẹ́ tan iná ìléru, wọ́n á kọ́kọ́ rán èèyàn wá sọ fún un. Mo rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ̀rín wá, ẹkún ni kò wá.

Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fìyà ìwé kíkà jẹ mí tó o. Bí mo bá ra oògùn ibà ní Ṣàngó Toll Gate, á ní, “Ṣé o kà á dé ìsàlẹ̀?” Lọ́jọ́ kan mo kà á dé ìsàlẹ̀ lóòótọ́, oògùn náà ti kú láti ọdún tó kọjá. Ìgbà tí yunifásítì tuntun kan gbà mí síṣẹ́ ní ilé ìkàwé wọn, mo gbé lẹ́tà náà wá láti yàrá mi ní Ìlo-Awẹ́là, mò ń jó bọ̀. Ó ní kí n kà á. Mo ka ìkíni, mo ka orúkọ ipò, mo fẹ́ ká a. “Ṣé o kà á dé ìsàlẹ̀?” Ní ìsàlẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé wọ́n lè dá mi dúró nígbàkígbà láìsọ ìdí. Ìyá Àgbà mi orí. Ó ní, “Ìyẹn gan-an ni lẹ́tà náà. Èyí tó wà lókè, wọ́n kàn ń kí ọ ni.”

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí látilẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà tí bàlúù já sínú oko Ìyá Àgbà. Ìgbà yẹn ni àwọn ìjọ ń ra ilẹ̀ káàkiri Ọ̀tà, tí yunifásítì ń hù bí olú. Ọ̀sán ni. Mo ń ti ilé ìwé bọ̀, oòrùn náà mú débi pé mo fi báàgì borí. Mo gbọ́ ìró kan tí ilẹ̀ fi mì, mo rí èéfín lápá oko wa, mo sá lọ. Bàlúù elérò ni, Àbújá ló ń lọ láti Èkó. Kò sẹ́ni tó yè. Ìyá Àgbà ń bẹ ní ìkángun kejì oko náà, níbi tó sá láfún sí, ìdí nìyẹn tó fi wà láàyè. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ó ti da láfún rẹ̀ sílẹ̀, ó ń fi tapólì bo àwọn òkú. Láfún funfun náà wà nílẹ̀ rẹrẹ, ó gbẹ, ó ń ró lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Kò bá mi sọ ohunkóhun jù pé, “Bọ́ ìró mi yìí, fi bo ti ọ̀hún.”

Ohun tó rí kò le: bàlúù náà ṣì wà lókè nígbà tí iná ti ń jó lábẹ́ apá rẹ̀ kan, ó ń pariwo bí ẹ̀rọ tí kò ní ọ́ìlì, ó fì, ó já. Gbogbo ẹni tó wá ló sọ ọ́ fún bákan náà.

Ní ọjọ́ kẹta, Baálẹ̀ mú ọkùnrin méjì wá. Ọ̀kan jẹ́ lọ́yà iléeṣẹ́ tó ni bàlúù, èkejì ní ìjọba ló rán òun. Wọ́n ní kí ó rò fáwọn, ó rò. Lọ́yà kọ ọ́ lédè òyìnbó, ojú ìwé méjì. Ìyá Àgbà ní òun ò ní tẹ ìka sí ohun tí òun ò mọ̀, kí ọmọ òun kà á fún òun. Ẹ wo bí mo ṣe yan síwájú! Èmi tí mo gba ipò kìn-ín-ní nínú òyìnbó ní kíláàsì. Mo ka ojú ìwé kìn-ín-ní, mò ń túmọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Orúkọ rẹ̀, oko rẹ̀, ariwo tó gbọ́, iná tó rí. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ ṣí ìkejì, lọ́yà wo aago, Baálẹ̀ wúkọ́. Ẹni tí ìjọba rán ní, “Ọmọ yìí mọ òyìnbó o! Ohun kan náà ló kù níbẹ̀.” Ojú tì mí pé mò ń falẹ̀. Mo yí sí Ìyá Àgbà, mo ní, “Ohun tí ẹ sọ náà ni wọ́n kọ.” Wọ́n di àtàǹpàkò rẹ̀ mú, wọ́n rì í sínú tádàwà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kejì.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà la wà nídìí rédíò. Wọ́n ní ìyá arúgbó kan tó ń dáko ti jẹ́rìí pé òjò ṣú, àrá sán, mànàmáná kọ lu bàlúù. Ìyá Àgbà ń yọ okùn inú ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. Ó dúró. Ó wọlé, ó mú ẹ̀dà ìwé tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa jáde lábẹ́ ẹní, ó ní kí n kà á, kí n kà á dé ìsàlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mo kà á. Òjò, àrá àti mànàmáná wà ní ojú ìwé kejì lóòótọ́, àtàǹpàkò rẹ̀ sì wà lábẹ́ wọn. Wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Mo ń retí kó gbá mi létí, mi ò bá ti yọ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jáde síta, ó gbójú sókè bó ṣe máa ń ṣe láàárọ̀.

Lọ́jọ́ ọjà, obìnrin kan tó ti ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ayébáyé fi láfún símú, ó ní, “Ìyá, ṣé kì í ṣe èyí tí òjò pa lọ́jọ́ bàlúù nìyí?” Ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ìyá Àgbà di ẹrù rẹ̀, ó padà sílé.

Ẹ̀yìn èyí ni ìyàwó páílọ́ọ̀tì wá. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó wọ aṣọ dúdú, ó kúnlẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀ ẹnu ọ̀nà wa. Ó ní ọkọ òun ti kọ ìwé lẹ́ẹ̀mejì sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé ẹ́ńjìnnì bàlúù yẹn kò dáa, àti pé àwọn ìwé náà ti di àwátì. Ó ní bó bá jẹ́ mànàmáná ni, iléeṣẹ́ adójútòfò máa san ẹ̀tọ́ fún iléeṣẹ́ tó ni bàlúù, bó bá sì jẹ́ ẹ́ńjìnnì tí wọn ò tún ṣe ni, wọn ò ní san, ìjọba sì máa gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó ni iléeṣẹ́ náà ló tún ń fi bàlúù gbé àwọn olóṣèlú kiri ìpolongo, ìdìbò ti ń bọ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Wọ́n ti wá ń sọ pé ọkọ òun ló ya aláìgbọràn tó wa bàlúù wọ inú ìjì. Ó ní àwọn ọmọ ilé ìwé ń pe ọmọ òun ní ọmọ apààyàn. Ó wá bèèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ṣé òjò rọ̀?”

Ìyá Àgbà gbé e dìde. Ó ní, “Òjò kò rọ̀. Èmi ni mo sọ pé ó rọ̀, mi ò mọ̀. Mo máa lọ gbà á padà.”

Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìkẹjà ni ìgbìmọ̀ olùwádìí ń jókòó sí. A wọ mọ́tò ní Toll Gate, mo wọ aṣọ ilé ìwé mi, òun gbé agolo mílíìkì kan dání. Wọ́n fẹ́ lé wa lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ni ìyá tó wà nínú rédíò, wọ́n sì jẹ́ ká wọlé. Alága béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀: kí ni Màmá wá ṣe?

“Mo wá gba àtàǹpàkò mi.”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Lọ́yà ọjọ́sí dìde, ó na ìwé náà sókè. “Màmá, ṣé àtàǹpàkò yín kọ́ nìyí?”

“Àtàǹpàkò mi ni,” ni Ìyá Àgbà wí. “Ọ̀rọ̀ mi kọ́.”

Ó ṣí agolo. Láfún tó kó nílẹ̀ lọ́jọ́ náà ló wà níbẹ̀, ó funfun, ó gbẹ táútáú. Ó ní kí wọ́n fọwọ́ kàn án. “Mo sá a láàárọ̀, bàlúù já lọ́sàn-án, èyí ni mo kó nírọ̀lẹ́. Ta ní ń sá láfún nínú òjò?” Àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ náà, bóyá ọmọ ọ̀dọ̀ wa ni, mi ò mọ̀, mú díẹ̀, ó fi ìka fọ́ ọ, ó wolẹ̀. Lọ́yà ní láfún kì í ṣe ẹ̀rí. Ó bèèrè pé ta ló ka ìwé náà fún un kó tó tẹ̀ ẹ́.

Èmi nìyí lórí àga lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ̀ pé òjò kò rọ̀. Oòrùn ọjọ́ náà ló jẹ́ kí n fi báàgì borí. Mo mọ ohun tí wọ́n sọ fún mi kí n má baà ṣí ojú ìwé kejì. Gbólóhùn méjì péré ló wà lọ́rùn mi. Lọ́yà ń wò mí. Ìyá Àgbà kò wẹ̀yìn. Ó ní, “Ẹni tó kà á fún mi kò parọ́. Ẹ ò jẹ́ kó kà á tán ni.” Mo jókòó síbẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan.

Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fún wa ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Nígbà tí àbájáde ìwádìí jáde lẹ́yìn ìdìbò, ìjì àti páílọ́ọ̀tì ló jẹ̀bi. Nínú mọ́tò lọ́jọ́ tí a ń bọ̀ láti Ìkẹjà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó gbé agolo lé orúnkún mi. “Ìwọ ò parọ́ o, Àbẹ̀kẹ́. O kàn yára ni.” Nígbà tó yá ó tún ní, “Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Èmi gbé e dé ọjà, mo sì ti gbé e padà sílé. Kò bàjẹ́.”

Láti ìgbà náà, kò tẹ ìka sí ìwé kankan mọ́. Wọ́n wá forúkọ olùdìbò sílẹ̀, ó kọ̀. Báńkì ní kó wá tẹ̀ka, ó ní kí wọ́n máa gbé báńkì wọn lọ. Bí wọ́n bá bi í, á ní àtàǹpàkò òun ṣì wà lọ́wọ́ àwọn kan ní Àbújá, kí wọ́n lọ gbà á wá ná. Àwọn èèyàn rò pé ọpọlọ rẹ̀ ti ń rẹ̀. Ìyàwó páílọ́ọ̀tì kò rò bẹ́ẹ̀. Ọdọọdún, bí Iléyá bá dé, ó máa ń wá kí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ìjà ni ti oko náà. Ìjọ ńlá kan láti Èkó fẹ́ rà á kọ́ ibi àgọ́ àdúrà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí à ń pè ní Bàbá Ìjòkó nítorí pé Ìjòkó ló kọ́lé sí, ló ń bá wọn dúnàádúrà. Mi ò ní pè é ní èèyàn burúkú. Iléeṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ti kógbá sílé, ó ní ọmọ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ló jogún ilẹ̀ náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, láìsí àtàǹpàkò rẹ̀, kò sí títà. Ọdún mẹ́ta ni Bàbá Ìjòkó fi bẹ̀ ẹ́, tó fi gbé àlùfáà àti Baálẹ̀ wá. Ìjà wọn tó gbẹ̀yìn, mo wà níbẹ̀. Ó ní, “Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ fi ìka yẹn ṣe?” Ó dáhùn pé, “Mo fẹ́ gbé e dé sàárè bó ṣe wà.”

Ìyá Àgbà kú ní ìdájí ọjọ́ Jímọ̀, nínú oorun. Bàbá Ìjòkó ló sùn tì í lọ́sẹ̀ náà. Ó pè mí, mo dé láti Ìlo-Awẹ́là nígbà tí oòrùn ń yọ. Àwọn ìyá àsàlátù ti ń wẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá wọn pè mí wọ inú yàrá, ó gbé ọwọ́ òsì Ìyá Àgbà sókè. Àtàǹpàkò náà búlúù. Wọ́n ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n ti fi kànrìnkàn ha á, ó ṣì wà láàárín ìlà ìka rẹ̀. Ìyá náà ní, “Ọmọ mi, kí lèyí?” Mo ní mi ò mọ̀. Mo mọ̀. Mo dúró ti ẹsẹ̀ rẹ̀, mi ò mọ nǹkan kan lára mọ́.

Kí wọ́n tó gbé e jáde fún ìrun òkú, Bàbá Ìjòkó fà mí sí ìdí ìdáná, ó mú àgírímẹ́ǹtì ilẹ̀ jáde pẹ̀lú bírò. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ti sunkún. Ó ní Ìyá Àgbà ti tẹ̀ ẹ́ fún òun lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kù kí n fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí, torí pé àwọn oníjọ mọ̀ pé èmi ni mo máa ń kàwé fún un. Bí mo ti ṣí i, ó ní, “Àbẹ̀kẹ́, kò sáyè ìyẹn. Òkú wà nílẹ̀. Ohun tí o mọ̀ náà ló wà níbẹ̀.”

Mo ti gbọ́ ohùn yẹn rí. Mo jáde sí àárín agboolé, níbi tí àlùfáà àti àwọn aládùúgbò jókòó sí, mo kà á sókè, mò ń túmọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú ìwé kìn-ín-ní, ojú ìwé kejì, ìkẹta. Àwọn kan ń wúkọ́. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ìyá yìí tẹ ìka rẹ̀ lójú mi, pẹ̀lú ọkàn pípé, lẹ́yìn tí mo ti kà á fún un. Mo ní, “Mi ò kà á fún un. Lójú mi kọ́. Àwọn tó wẹ̀ ẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àtàǹpàkò rẹ̀ hàn mí ni, tádàwà tuntun ló wà níbẹ̀.” Bàbá Ìjòkó pariwo pé ṣé kì í ṣe ìka ìyá òun ni. Mo ní, “Àtàǹpàkò rẹ̀ ni, Bàbá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ́.”

Àlùfáà gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ká a sápò, ó ní ká lọ kírun. A sin ín kí ọ̀sán tó pọ́n, pẹ̀lú búlúù náà lọ́wọ́. Àwọn oníjọ gbọ́, wọ́n ní àwọn ò ra ilẹ̀ lọ́wọ́ òkú, wọ́n lọ wá ilẹ̀ síbòmíràn. Bàbá Ìjòkó kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà, kò wá sí fìdáù àná. Ìyá mi pè láti Kàdúná, ó ní mo dójú ti ẹ̀gbọ́n òun níwájú òkú ìyá wọn. Bóyá òótọ́ ni.

Ìyàwó páílọ́ọ̀tì wá lánàá. Orí rẹ̀ ti hewú. Mo gbé agolo náà fún un, láfún ṣì wà nínú rẹ̀. Ó ní ọmọ òun ti ń kọ́ iṣẹ́ lọ́yà, ó ń bèèrè bóyá ẹnì kan ṣì wà tó lè kọ ohun tó mọ̀ sílẹ̀. Irọ́ lè sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ogún ọdún náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé.

Mo kọ ọ́ nìyí. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ síwèé, ṣùgbọ́n mo ti ra tádàwà ní Toll Gate, àtàǹpàkò ni mo máa tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Mo ń ti ilé ìwé bọ̀ lọ́jọ́ tí bàlúù já, oòrùn mú, láfún gbẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, òjò kò rọ̀. Ìyá Àgbà, mo ti kà á dé ìsàlẹ̀. Mi ò yára.